Èéfín Jẹnẹrétọ̀ àti Àyà Àwọn Ọmọ Wa

Bí iná bá ti lọ ní Ìkòtún tàbí Ẹgbẹ́dá, aránṣọ, onígbàjámọ̀, ẹni tó ń lọ ata, kálukú á tan jẹnẹrétọ̀ rẹ̀. A ò lè bá wọn wí, oúnjẹ òòjọ́ ni. Àmọ́ èéfín rẹ̀ ń pàdé ti dáńfó àti ti ààtàn Solous ní Ìgándò nígbà tó bá gbiná. Lásìkò ọyẹ́, kì í tètè gbéra nílẹ̀.

Eruku inú èéfín yìí kéré débi pé irun imú kò lè dá a dúró. Inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ tààrà. Báńkì Àgbáyé ṣírò pé ìdọ̀tí afẹ́fẹ́ pa ju 11,000 ènìyàn lọ l'Ékòó ní 2018, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 ló sì pọ̀ jù.

Gáàsì kan tún wà nínú rẹ̀ tí kò ní òórùn, tó ń pa ènìyàn mọ́jú oorun. Nítorí náà, ẹ má ṣe gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí abẹ́ fèrèsé. Ti mọ́sálásí wa pàápàá, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé àwọn obìnrin ló wà tẹ́lẹ̀; ìpàdé mẹ́ta la ṣe ká tó gbé e kúrò.

Bí àyà ọmọ bá ń dún bí fèrè, ẹ má wá ra oògùn ikọ́ lọ́wọ́ wa. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.