Afọ́nnu, Onífáàrí, Agbéraga: Ta Là Ń Pè Bẹ́ẹ̀?

Bí Iléyá bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan, àwọn ọmọ wa á bẹ̀rẹ̀ sí í fa àgbò kiri àdúgbò. "Àgbò bàbá mi tóbi ju tiyín lọ!" Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni lẹ́nu ọmọdé, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ẹnu àwa àgbà ni ọmọ ti gbọ́ ọ. Nítorí náà, ó yẹ ká mọ orúkọ tí ìwà yìí ń jẹ́ àti ohun tí ẹ̀sìn wa sọ nípa rẹ̀.

Yorùbá kì í fi orúkọ kan ṣoṣo pe gbogbo wọn. Afọ́nnu ni ẹni tó ń fi ẹnu ara rẹ̀ yin ara rẹ̀; ohun tí kò tíì ṣe, ó ti ń sọ ọ́ bí èyí tó ti ṣe tán. Òun la máa ń sọ fún pé ẹnu dùn ún ròfọ́. Onífáàrí ń fi aṣọ, ọkọ̀ tàbí ilé han aráyé. Ti agbéraga ló burú jù, torí ó lè má sọ̀rọ̀ rárá: inú ọkàn ló ti gbé ara rẹ̀ ga, tó sì ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ọmọnìkejì.

Àlùkùránì náà ya wọ́n sọ́tọ̀. Nínú Súrà Lukman, ẹsẹ 18, Lukman kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀ pé kó má ṣe gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ kúrò níwájú àwọn ènìyàn. Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tí wọ́n lò níbẹ̀ jẹ mọ́ àìsàn kan tó máa ń mú ràkúnmí, tí ọrùn rẹ̀ á wọ́. Àìsàn ni ìgbéraga, kì í ṣe ọlá. Orúkọ méjì ló parí ẹsẹ náà: mukhtāl, ẹni tó ń fi ìrìn àti ìṣesí gbéraga, àti fakhūr, ẹni tó ń fọ́nnu. Ọlọ́hun kò fẹ́ràn ìkankan nínú wọn. Fáàrí tí àwa náà ń sọ, àwọn onímọ̀ èdè kà á mọ́ àwọn ọ̀rọ̀ tó ti inú èdè Lárúbáwá wọlé sí tiwa.

Ṣé ẹni tó wọ aṣọ tó dára ti di onífáàrí nìyẹn? Rárá o. Wọ́n bi Àńábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, nípa ẹni tó fẹ́ràn aṣọ àti bàtà tó rẹwà. Ó ṣàlàyé pé Ọlọ́hun fẹ́ràn ẹwà. Ìgbéraga ni kéèyàn kọ òtítọ́, kó sì fojú kéré ènìyàn. Inú hádíìsì Muslim lèyí wà. Súrà Ad-Duha pàápàá ní ká máa sọ̀rọ̀ ìdẹ̀ra Olúwa wa. Ohun tó ba ti Qarun jẹ́ ni pé ó ní ìmọ̀ òun ló mú ọrọ̀ wá. Ilẹ̀ gbé òun àti ilé rẹ̀ mì.

Nítorí náà, ká tó pe aládùúgbò ní onífáàrí, ká bi ara wa: ṣé ìwà rẹ̀ là ń wò ni, àbí ìlara ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu wa? Súrà Al-Hujuraat, ẹsẹ 11, kọ̀ fún wa láti máa fi orúkọ burúkú pe ara wa. Ẹ má sì jẹ́ ká yáwó ra àgbò torí ojú ayé. Ká kọ́ ọmọ wa láti sọ pé: "Alhamdulillah, Ọlọ́hun fún wa lágbò, kó fún àwọn tí kò ní náà."

Kí Ọlọ́hun tún ọkàn àti ahọ́n wa ṣe. Àmín.