Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Eré sísá àti àlàáfíà ọkàn

Ẹ̀yin ará Ko-Koumolou, ṣé eré sísá lè lé ìbànújẹ́ lọ?

✅ Ó ń ṣèrànwọ́. Ó máa ń fọkàn ẹni balẹ̀, ó sì ń mú oorun dára. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa rìn kánmọ́kánmọ́ fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, tàbí kó sáré fún ìṣẹ́jú 75 sí 150.

⚠️ Àṣejù rẹ̀ ń pani lára. Ní ọdún 1979, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, William Morgan, kọ̀wé nípa àwọn tí eré sísá ti di bárakú fún. Ẹsẹ̀ wọn fara pa, wọn ò sinmi. Wọ́n pa iṣẹ́ àti ẹbí tì.

📌 Ẹ bi ara yín: ṣé ẹ̀ ń sáré kí ara lè le ni, àbí ẹ̀ ń sá fún ọ̀fọ̀ tó yẹ kí ẹ sọ jáde?

🤝 Bí ìbànújẹ́ bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ sọ fún ẹni tí ẹ fọkàn tán, kí ẹ sì rí dókítà. Ní Avrankou nítòsí wa, ẹgbẹ́ Saint Camille tí Grégoire Ahongbonon dá sílẹ̀ ní ilé ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ. Àìsàn ọpọlọ kì í ṣe ohun ìtìjú. Ó ṣeé tọ́jú.