Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Bí ẹ̀kọ́ ò ṣe dúró ní Yunifásítì Wits lásìkò Kòrónà

Ní oṣù kẹta ọdún 2020, àrùn Kòrónà mú kí wọ́n ti àwọn yunifásítì Gúúsù Áfíríkà pa. Lóṣù kẹrin, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Wits nílùú Johannesburg bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n dátà wọ́n, akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn ò sì ní kọ̀ǹpútà. Yunifásítì yá àwọn aláìní ní kọ̀ǹpútà alágbèéká, ó sì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní dátà 30GB lóṣù nígbà náà: 10GB fún ìgbàkígbà, 20GB fún òru nìkan. Ẹni tó bá fòru gba fídíò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ sórí fóònù lè wò ó lọ́sàn-án láìná dátà kankan. Gbígbé ẹ̀kọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan kò tó. Dandan ni kí ọmọ tálákà náà rí ohun tí yóò fi débẹ̀.