Teslim Balogun: Àrá Orí Pápá Tó Di Akọ́nimọ̀ọ́gbá

Bí mo bá béèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Ìjẹ̀bú-Ìmuṣin níbí pé ta ni wọ́n fẹ́ jọ, àwọn ìràwọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n máa ń dárúkọ. Bí mo bá ní Teslim Balogun ńkọ́, pápá ìṣeré Sùúrùlérè nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ìtàn ọkùnrin náà wò.

Ní 1949, agbábọ́ọ̀lù 18 ló ṣojú Nàìjíríà nínú ìrìn àjò sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Balogun wà lára wọn. Ẹsẹ̀ lásán ni púpọ̀ nínú wọn fi gbá bọ́ọ̀lù. Síbẹ̀, nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n fi góòlù 5 sí 2 na ẹgbẹ́ Marine ní Crosby, nítòsí Liverpool. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, wọ́n yà ní Freetown, wọ́n sì na Sierra Leone ní 2 sí 0.

Balogun ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì lágbára. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè é ní Thunder. Ní 1955, ó lọ sí Peterborough United. Ní 1956, Queens Park Rangers ní London gbà á, ó sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gbá bọ́ọ̀lù nínú líìgì Gẹ̀ẹ́sì. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 13 ló gbá fún wọn nínú líìgì náà, ó sì jẹ góòlù 3.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé owó ló kó bọ̀. Nígbà náà, gbèdéke wà lórí owó agbábọ́ọ̀lù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò gbọ́dọ̀ ju pọ́n-ùn 15 lọ lọ́sẹ̀. Ọdún 1961 ni wọ́n tó fagi lé òfin yẹn.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn èyí ló wú mi lórí jù. Òkìkí rẹ̀ tó láti fi jókòó, ṣùgbọ́n ó tún kẹ́kọ̀ọ́. Ó wà lára àwọn ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ìwé ẹ̀rí akọ́nimọ̀ọ́gbá. Nígbà tí Nàìjíríà lọ sí Òlíńpíìkì ní Mexico ní 1968, nígbà tí ogun abẹ́lé ń jà nílé, ó wà lára àwọn tó kọ́ ikọ̀ náà. Japan àti Spain na wọn, ṣùgbọ́n wọ́n gbá ọ̀mì 3 sí 3 pẹ̀lú Brazil.

Ó kú ní ọjọ́ 30, oṣù Keje, 1972. Ní 1984 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ pápá ìṣeré tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ọdún 2007 ni wọ́n ṣí i.

Ọmọ àbúrò mi kan fẹ́ fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nítorí bọ́ọ̀lù. Ìyá rẹ̀ ń sunkún, bàbá rẹ̀ ń bínú. Èmi kò ní kó má gbá bọ́ọ̀lù. Mo ní kó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, kó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọdé àdúgbò ní bọ́ọ̀lù láti ìsinsìnyí. Orúnkún kì í pẹ́ kó tó rẹ agbábọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ bí a ṣe ń kọ́ni yóò ṣì rí iṣẹ́ ṣe.