Ìgbaradì Olùkọ́ Yóga Nínú Áṣírámù

Ibùgbé tí olùkọ́ ẹ̀mí àti àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ jọ ń gbé ní ilẹ̀ Íńdíà ni wọ́n ń pè ní áṣírámù. Nínú èyí tí Swami Sivananda (dókítà ni ní Màláyà tẹ́lẹ̀ rí) dá sílẹ̀ ní Rishikesh, sísin ẹlòmíràn jẹ́ ara ẹ̀kọ́, títí kan ìtọ́jú aláìsàn. Vishnudevananda lo ọdún 10 níbẹ̀, láti 1947 sí 1957, kí ó tó lọ sí òkè òkun. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ olùkọ́ tí òun náà dá sílẹ̀ ní 1969, ọ̀sẹ̀ 4 péré ni. Jíjí ní ìdájí, àṣàrò, oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ láìsí ẹran, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Àyè tí olùkọ́ yóò fi wo ìwà akẹ́kọ̀ọ́ fínnífínní ni kò tó.