Ìgbìmọ̀ Murdi Paaki

Àwọn àgbà a máa wí pé, "Onílẹ̀ a tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, àjèjì a tẹ̀ ẹ́ gìdìgìdì." Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ rí ní ilẹ̀ Ọsirélíà láti ọdún 1788, nígbà tí àwọn Òyìnbó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ tẹ̀dó síbẹ̀. Àwọn ènìyàn dúdú tí ó ni ilẹ̀ náà, àwọn tí a ń pè ní Aborígínì, ti ń gbé ibẹ̀ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Wọn kò ní ọba kan tí ó jẹ lórí gbogbo wọn. Ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ni ó ní ilẹ̀, èdè àti òfin tirẹ̀. Ní Brewarrina, ní ìpínlẹ̀ New South Wales, àwọn ọgbà òkúta tí àwọn baba ńlá wọn fi ń mú ẹja ṣì wà nínú odò títí di òní. Àwọn Ngemba ni olùtọ́jú wọn, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀yà tí ó yí wọn ká a máa wá pẹja níbẹ̀ pẹ̀lú. Ètò àti ìfohùnṣọ̀kan kì í ṣe ohun àjèjì lọ́dọ̀ wọn.

Àwọn àlejò ni ó gba ìṣàkóso mọ́ wọn lọ́wọ́. Ní 1883, ìjọba New South Wales yan àjọ kan pé kí ó máa dáàbò bò wọ́n; kò sì pẹ́ tí ààbò náà fi di ìdè. Ní 1915, òfin fún àjọ yìí ní agbára láti gba ọmọ lọ́wọ́ òbí rẹ̀ láìjẹ́ pé a gbé ọ̀ràn náà dé iwájú adájọ́. Ọ̀pọ̀ ìyá ni kò rí ọmọ wọn mọ́.

Nígbà tí ó ṣe, afẹ́fẹ́ yí padà. Ní 1972, ìjọba àpapọ̀ gbà pé ó tọ́ kí àwọn Aborígínì máa pinnu ọ̀ràn ara wọn. Ní 1990, a dá àjọ ńlá kan sílẹ̀ fún wọn, wọ́n sì ń fi ìbò yan àwọn ìgbìmọ̀ agbègbè rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Murdi Paaki, ní ẹ̀bá odò Darling. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni odò ènìyàn dúdú. Ṣùgbọ́n ní 2005, ìjọba tú àjọ náà ká, àwọn ìgbìmọ̀ agbègbè sì bá a lọ. Ẹ̀wù àgbàwọ̀ kì í pẹ́ lọ́rùn ẹni: ẹni tí ó yá ni ní í padà wá gbà á.

Àwọn ará Murdi Paaki kò tú ká ní tiwọn. Kí àjọ náà tó parẹ́ ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní ìlú kọ̀ọ̀kan, ní Bourke, Wilcannia, Walgett àti àwọn mìíràn, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ 16. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń jíròrò lórí ilé, omi, iṣẹ́ àti ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ, ó sì ń kọ ohun tí ìlú fẹ́ sínú ìwé. Àwọn alága wọn ni ó para pọ̀ di Ìgbìmọ̀ Agbègbè Murdi Paaki. Kì í ṣe òfin ìjọba ni ó bí ìgbìmọ̀ yìí. Ìdí nìyí tí fífagi lé òfin kò fi lè pa á. Ní 2015, ìjọba New South Wales bá wọn tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pé àwọn ọ̀gá iṣẹ́ ìjọba yóò máa bá wọn jókòó kí wọ́n tó ṣe ìpinnu lórí ọ̀ràn wọn.

Síbẹ̀, ọ̀nà ṣì jìn. Owó púpọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba, àdéhùn kò sì lágbára tó òfin. Ní 2023, nígbà tí a bi gbogbo ará Ọsirélíà bóyá kí a fi ìgbìmọ̀ tí yóò máa gba ẹnu àwọn onílẹ̀ sọ̀rọ̀ sínú òfin ńlá orílẹ̀-èdè, nǹkan bí 60 nínú 100 àwọn olùdìbò ni ó kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò dúró de àṣẹ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àìsí àṣẹ kò lè dá a dúró. Ìjọba tí a fún ni lè bọ́ lọ́wọ́ ẹni. Èyí tí ará ìlú fọwọ́ ara wọn kọ́ ni ó ń bá wọn kalẹ́.