Káàdì Tí Ó Wà Nínú Àpótí

Iye kan wà tí àwa kò lè gbàgbé láti ìgbà tí àjọ elétò ìdìbò ilẹ̀ wa, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní INEC, ti gbé e jáde. Nígbà tí a fẹ́ dìbò yan Ààrẹ ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2023, ènìyàn 93,469,008 ni orúkọ wọn wà nínú ìwé àwọn olùdìbò. Nínú wọn, ó lé ní mílíọ̀nù 87 tí wọ́n ti gba káàdì wọn, tí wọ́n sì ti mú un lọ sí ilé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ náà pé, mílíọ̀nù 25 àti díẹ̀ péré ni ó jáde sí ibùdó ìdìbò ní gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà. Ẹ bá wa ṣe ìṣirò rẹ̀: ó lé ní mílíọ̀nù 60 káàdì tí ó sùn sínú àpótí aṣọ, sí abẹ́ ìrọ̀rí, àti sí àárín ewé Bíbélì, ní ọjọ́ gan-an tí a torí rẹ̀ ṣe wọ́n. Bí kì í bá ṣe pé àwọn ilé ìfowópamọ́ a máa béèrè irú káàdì bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó gbà pé ẹni tí a pe ara wa ni a jẹ́, ẹ̀rù ń bà wá pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kì bá ti lọ gbà á rárá.

Ohun tí ó dùn wá jù ni ti àwọn ọ̀dọ́. Ó lé ní mílíọ̀nù 37 nínú àwọn tí wọ́n forúkọ sílẹ̀ tí kò tíì pé ọmọ ọdún 35. Àwọn tí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ ni àwọn jẹ́ ju mílíọ̀nù 26 lọ. Èyí ni pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nìkan pọ̀ ju gbogbo ènìyàn tí ó jáde ní ọjọ́ náà lọ, àgbà àti ọmọdé, ọkùnrin àti obìnrin, láti Sókótó títí dé etí òkun. Ẹni tí ó ní irú agbára báyìí lọ́wọ́, tí ó sì ń kígbe pé agbára kò sí lọ́wọ́ òun, kí ni a ó ti wí fún un?

Ó yẹ kí irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ mọ iye tí a fi ra ẹ̀tọ́ náà fún un. Ní ọdún 1922 ni Gómìnà Hugh Clifford mú òfin tuntun wá, ní ọdún 1923 ni a sì kọ́kọ́ dìbò yan àwọn ènìyàn sí Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ilẹ̀ yìí. Ẹ wo bí ẹnu ọ̀nà náà ti há tó! Èkó ní àyè mẹ́ta, Kàlàbá ní ẹyọ kan, àwọn ìlú yòókù kò ní nǹkan kan. Ìbàdàn kò ní, Abẹ́òkúta kò ní, Ìjẹ̀bú kò ní. Ní Èkó pàápàá, ọkùnrin tí owó tí ń wọlé fún un kò bá tó 100 pọ́n-ún ní ọdún kan kò gbọdọ̀ dìbò. Ọ̀ràn náà kò kan akọ̀wé kékeré, kò kan káfíńtà, kò kan apẹja. Kò sì kan obìnrin rárá, ìbáà ṣe ọlọ́jà tí ó ń bọ́ ọkọ tí ó sì ń rán ọmọ ní ilé-ìwé. Herbert Macaulay, ọmọ-ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, ni ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀ ní ọdún náà, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì gba àyè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti Èkó; ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò lè du ipò, nítorí ẹjọ́ tí ìjọba ti dá a lẹ́bi rẹ̀ sẹ́yìn. Síbẹ̀ kò jókòó sí ilé kí ó máa bínú.

Àwọn ìyá wa ní Abẹ́òkúta ni wọ́n mú ọ̀rọ̀ yìí yé gbogbo ènìyàn dáradára. Wọ́n ń san owó orí, wọn kò sì ní ẹnìkan tí yóò gba ẹnu wọn sọ̀rọ̀ nínú ìgbìmọ̀ tí ó ń bu owó náà lé wọn. Ní ọdún 1947 ni Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, olùkọ́ni, aya Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti, ṣáájú àwọn obìnrin ọjà, tí wọ́n lọ jókòó sí iwájú ààfin tí wọ́n sì ń béèrè pé kí a gbọ́ tiwọn. Nígbà tí ó di oṣù Kìíní ọdún 1949, Aláké Ademola Kejì fi ìtẹ́ sílẹ̀. A kò sọ èyí láti bu ọba kù, nítorí ó padà sí orí ìtẹ́ ní ọdún 1950. Ohun tí a ń wí ni pé a mú owó orí náà kúrò lórí àwọn obìnrin, àyè sì ṣí sílẹ̀ fún wọn nínú ìgbìmọ̀ ìlú. Ní ìhà Àríwá, ọdún 1976 ni a tó fún àwọn obìnrin ní ẹ̀tọ́ láti dìbò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ọ̀ràn náà kàn ṣì ń bẹ láàyè. Ẹ̀tọ́ tí ọmọbìnrin ọlọ́dún 18 kan ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ní òní, ìyá-ìyá rẹ̀ wá a títí kò rí i.

Ṣùgbọ́n àwa kì í ṣe ẹni tí yóò bá ọmọ wí láì gbọ́ ti ẹnu rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ní ẹjọ́ rò, ẹjọ́ náà kò sì kéré. Wọ́n ti gbọ́ láti ẹnu bàbá wọn bí àwọn ènìyàn ti jáde dìbò ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 1993, tí a ka ìbò wọn ní ìta gbangba lójú gbogbo ènìyàn, àti bí ìjọba ológun ti fagi lé e ní ọjọ́ 23 oṣù kan náà. Olóyè M. K. O. Abíọ́lá, tí àwọn ènìyàn dìbò fún, kú sí àtìmọ́lé ní ọdún 1998. Ọmọ tí ó dàgbà sínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀, bí ó bá béèrè pé kí ni a ó fi ìbò òun ṣe, kò ṣẹ̀.

Ti ọdún 2023 tún ní ìṣòro tirẹ̀. Owó náírà wọ́n ní oṣù náà débi pé ẹni tí ó ní owó ní báńkì kò rí owó ọkọ̀ san. Àwọn jàǹdùkú da ìdìbò rú ní ibùdó mìíràn ní Èkó. Ohun kan sì wà tí ó yà wá lẹ́nu títí di òní. Àjọ tí ó ń ṣe àkóso àwọn yunifásítì pàṣẹ pé kí a ti gbogbo wọn láti ọjọ́ 22 oṣù Kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹta, nítorí ààbò. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti forúkọ sílẹ̀ ní ìlú tí ilé-ìwé wọn wà. A rán wọn lọ sí ilé, káàdì wà lọ́wọ́ wọn, ibùdó ìdìbò wọn sì wà ní ìrìn àjò ọjọ́ kan sí wọn, a kò sì jẹ́ kí ọkọ̀ rìn ní ọjọ́ ìdìbò. Bóyá ẹni tí ó pa àṣẹ náà rò ó dé ibẹ̀, bóyá kò rò ó. Ẹ̀bi èyí kì í ṣe ti àwọn ọmọ, a kò sì ní dì í rù wọ́n.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo mílíọ̀nù 60 ni ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí a lé kúrò ní ilé-ìwé. Ọ̀pọ̀ wà ní ilé, tí ibùdó wọn kò ju òkò kan lọ sí ẹnu ọ̀nà wọn, tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù ní títì láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ nítorí pé ọkọ̀ kò rìn. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń wí pé ìbò kan kò já mọ́ nǹkan kan. Kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ará Ọ̀ṣun. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018 ni a dìbò yan gómìnà níbẹ̀. Nígbà tí a ka ìbò tán, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ẹni tí ó ṣáájú àti ẹni tí ó tẹ̀lé e jẹ́ 353. A tún ìdìbò ṣe ní ibùdó méje lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, ẹnìkejì sì fi ìbò 482 borí. Ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn ní ju 255,000 ìbò lọ, 482 ni ó sì sọ ẹni tí yóò ṣe àkóso fún ọdún mẹ́rin! Ṣọ́ọ̀ṣì kan tí ó tóbi díẹ̀ a máa ní ju iye ènìyàn bẹ́ẹ̀ lọ ní ọjọ́ Ìkórè. Àwọn ènìyàn wí púpọ̀ nípa bí àtúndì ìbò náà ti lọ. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti parí ẹjọ́ náà ní ọdún 2019, a kò sì ní tún un dá níhìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn méjèèjì tún pàdé ní ọjọ́ 16 oṣù Keje ọdún 2022, àwọn ará Ọ̀ṣun fi ìbò tí ó lé ní 28,000 pààrọ̀ ẹni tí ó wà lórí àléfà. Kò sí ìbọn, kò sí ogun.

Ní ọdún 2018 yìí kan náà ni gbólóhùn kan gbilẹ̀ láti ìhà Èkìtì wá, tí a fi ń ṣe ẹ̀fẹ̀: dìbò, kí o sebẹ̀. Àwa rẹ́rìn-ín nígbà tí a kọ́kọ́ gbọ́ ọ, lẹ́yìn náà ni a rántí Esau. Ẹni tí ó bá ka ìwé Jẹ́nẹ́sísì orí 25 yóò rí ọkùnrin tí ó ti oko ọdẹ dé, tí ebi ń pa á, tí ó ta ogún ìbí rẹ̀ fún Jákọ́bù nítorí àwo ọbẹ̀ kan. Ebi tí ń pa á kì í ṣe irọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ebi tí ń pa àwọn ènìyàn wa kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wò ó bí oníṣòwò ti ń wo ọjà. Bí ẹnìkan bá gba 5,000 náírà, ọdún mẹ́rin jẹ́ ọjọ́ 1,461. Náírà mẹ́ta àti díẹ̀ ni ó ta ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ilé ìwòsàn, ọ̀nà oko, owó oṣù olùkọ́, gbogbo rẹ̀ fún náírà mẹ́ta ní ọjọ́ kan, èyí tí kò lè ra ẹyọ ata kan ní ọjà Ọba ní Àkúrẹ́. Esau pàápàá jẹun yó! Òfin ìdìbò sì ka ẹni tí ó fúnni ní owó àti ẹni tí ó gbà á sí ọ̀daràn bákan náà. Ó burú jù nígbà tí ó bá jẹ́ pé ìyá, ẹni tí ó ń kọ́ni ní kíláàsì Ọjọ́ Ìsinmi, ni ó rán ọmọ lọ gba tirẹ̀ wá.

Àwọn onígbàgbọ́ kan wà tí wọ́n ń wí pé òṣèlú jẹ́ ẹrẹ̀, kí ọmọ tí a tọ́ dáradára má ṣe sún mọ́ ọn. A fẹ́ kí irú àwọn bẹ́ẹ̀ ka ìwé Àwọn Onídàájọ́ orí 9, níbi tí Jótámù ọmọ Gídíónì gbé dúró lórí òkè tí ó pa òwe fún àwọn ará Ṣékémù. Àwọn igi ń wá ọba. Igi ólífì kọ̀, nítorí òróró rẹ̀. Igi ọ̀pọ̀tọ́ kọ̀, nítorí adùn rẹ̀. Àjàrà kọ̀, nítorí wáìnì rẹ̀. Ìdí tí olúkúlùkù wọn sọ dára. Nígbà tí gbogbo igi rere ti kọ̀ tán, igi ẹ̀gún ni ó gbà á, iná sì wà nínú ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó sọ.

Òfin tí a bu ọwọ́ lù ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2018 ti ṣí ọ̀nà fún àwọn ọ̀dọ́. Ẹni tí ó pé ọmọ ọdún 25 lè du ipò aṣòfin ní Ilé Ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ tàbí ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú ní Àbújá, níbi tí ó ti jẹ́ 30 tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó pé 35 lè du ipò Ààrẹ, níbi tí ó ti jẹ́ 40. Ṣùgbọ́n àwa a máa wò ó pé Àbújá ni ojú gbogbo ọ̀dọ́ wà. Wọ́n mọ orúkọ gbogbo mínísítà, wọn kò mọ orúkọ káńsẹ́lọ̀ àdúgbò wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ìjọba ìbílẹ̀ ni ọjà tí ìyá wọn ti ń tajà wà lábẹ́ rẹ̀, òun náà ni ó ni ìtọ́jú gọ́tà àti ọ̀nà àdúgbò. Ìjọba ìbílẹ̀ 774 ni ó wà ní ilẹ̀ wa. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá a ní ẹjọ́ pé kí owó wọn máa lọ tààrà sí ọwọ́ àwọn tí àwọn ará ìlú dìbò yàn, pé kí gómìnà má sì ṣe tú wọn ká. Ìdájọ́ tí ó dára ni, ṣùgbọ́n ta ni yóò béèrè pé níbo ni owó náà wà? Ìdìbò káńsẹ́lọ̀ ni èyí tí àwọn ènìyàn kì í jáde sí. Ọ̀dọ́ mẹ́wàá tí wọ́n mú ìwé àti ìkọ̀wé lọ sí ọ́fíìsì alága, tí wọ́n fi ọ̀wọ̀ béèrè ohun tí a fi owó oṣù tí ó kọjá ṣe, yóò ṣe ìlú ní àǹfààní ju ẹgbẹ̀rún tí ń búni lórí ẹ̀rọ alágbèéká lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin ìyá, a bẹ̀ yín pé kí ẹ ṣe iṣẹ́ kékeré kan ní ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ẹ kó gbogbo káàdì inú ilé jáde. Ẹ wò ó bóyá ọmọ kan ti pé ọdún 18 tí kò tíì ní tirẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ẹnìkan forúkọ sílẹ̀ ní ìlú tí kò gbé mọ́, bí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti parí ẹ̀kọ́, tàbí ọmọbìnrin tí ó ti lọ sí ilé ọkọ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè béèrè pé kí a gbé orúkọ òun wá sí ibùdó tí ó sún mọ́ ọn, kí ó sì tètè ṣe é, nítorí òfin kò gbà á mọ́ nígbà tí ìdìbò bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ṣẹ̀ ni lójú òfin. Ọ̀fẹ́ ni káàdì náà. Bí òṣìṣẹ́ kan bá béèrè owó lọ́wọ́ yín, ẹ gba orúkọ rẹ̀, kí ẹ sì fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn ní ọ́fíìsì INEC tí ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ yín.